Òkúta Méjì fún Palomani

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun Palomani, ọ̀nà orí òkè gíga kan, òkúta kan ni yóò ṣà ní ìsàlẹ̀, tí yóò gbé e lọ́wọ́ títí dé orí ibi tí ọ̀nà náà ti ga jù, tí yóò sì fi lé òkìtì òkúta tó wà níbẹ̀. Àárẹ̀ ara ẹni là ń gbé kalẹ̀ yẹn, a sì tún fi ń kí Ausangate, òkè yìnyín tó ni gbogbo ilẹ̀ náà. Àlejò ń ṣe é, ọmọ ilé ń ṣe é, kódà olówó tó bá jókòó sórí ẹṣin yóò bọ́ sílẹ̀ láti ṣa tirẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ni. Nazario Yucra nìkan ló máa ń gbé méjì, kò sì sẹ́ni tó ń bi í ní ìdí rẹ̀ ní Pacchanta, abúlé rẹ̀, nítorí tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Èkejì jẹ́ ti Basilia, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni Nazario ti jogún iṣẹ́ fífi ẹṣin kó ẹrù yí òkè náà ká. Àwọn àlejò tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn á kó àgọ́ àti oúnjẹ wọn lé ẹṣin rẹ̀ lórí, àwọn fúnra wọn á máa fi ọ̀pá tẹlẹ̀ bí arúgbó. Basilia ló ń dáná. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, mọ́tò kò tíì dé Pacchanta, kò sì sí ẹni tó ń ta ohunkóhun lójú ọ̀nà àfi àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ. Ìgbẹ́ gbígbẹ alpaca, ẹran ọ̀sìn onírun ọlọ́rùn gígùn tó wà níbẹ̀, ni wọ́n fi ń dáná, èéfín rẹ̀ á sì wọ inú aṣọ irun àgùntàn, kò ní jáde mọ́ títí aṣọ á fi gbó. Títí dòní, bí Nazario bá gbọ́ òórùn èéfín yẹn, ó máa ń bojú wẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ Basilia yá ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, yóò fọ ìkòkò, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò lé ẹṣin tó ṣíwájú, kó tó di pé àwọn tó kù ta gìrì ó ti dé orí òkè. Níbẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, yóò sì pariwo sí ìsàlẹ̀ pé: “Nazario! Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ wá pọ̀n ọ́ ni?” Nazario á dáhùn látìsàlẹ̀ pé: “Máa bọ̀! Ṣùgbọ́n mo wúwo o!” Báwọn àlejò bá bi í léèrè ohun tí obìnrin náà ń wí, á ní òkè ló ń kí. Leonarda, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà yẹn. Ọmọ náà kò tíì mọ orúkọ ẹṣin kan tó fi ń bá ìyá rẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín á sì pa gbogbo ènìyàn.

Òkúta tí Basilia gbé gun Palomani nígbà àkọ́kọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ rìn ọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀. Òkúta funfun ni. Ó já òwú pupa kan lára fìlà rẹ̀, ó fi dì í láàárín, ó ní kí Ausangate má baà ṣì í mú fún ti ẹlòmíràn. Nazario fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún kọjá, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá a lójú.

Ọdún tí Basilia gun òkè kẹ́yìn, àgùntàn ẹnìkan kú sójú ọ̀nà, ó fi ọmọ sílẹ̀. Basilia fi aṣọ pọ̀n ọmọ àgùntàn náà síwájú, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra kí òtútù má baà pa á, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kọjá lórí Palomani láìgbé òkúta kankan. Nazario rán an létí. Basilia ní, “Ausangate mọ̀ mí. Ó ti rí i pé ọwọ́ mi dí.” Ọdún yẹn náà ni ikọ́ mú un. Ikọ́ náà pẹ́ lára rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń bọ́ àwọn ajá, ó húkọ́ gidigidi, omi sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀, omi tó mọ́ gaara, tí àwọn nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ bí awọ inú ẹyin. Ó nu ẹnu, ó wo Nazario, ó ní, “Ó níyọ̀.” Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ojú rẹ̀ wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí, oòrùn kò tíì kan àtàrí tó fi dákẹ́.

Gbogbo Pacchanta ló ní òkè ló fi ẹ̀mí rẹ̀ gba òkúta tí kò gbé wá. Wọn kò fi ìkà sọ ọ́, bí a ti máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Nazario gbà wọ́n gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé òkúta méjì, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ san gbèsè, ó sì ń bẹ òkè kó jẹ́ kí obìnrin náà sinmi. Leonarda gbà wọ́n gbọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ọmọ yàtọ̀ sí ti bàbá. Ó bínú sí òkè náà. Nígbà tó dàgbà, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Cusco, ó ríṣẹ́ nílé oníbúrẹ́dì kan, kò sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà Palomani mọ́. Bó bá wá kí bàbá rẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí òkè náà jókòó nínú ọgbà.

Nígbà tí ikọ́ mú Nazario alára, kò sọ fẹ́nìkan. Cirilo, ọmọ ìyá rẹ̀ tí ilé wọn jọ kan ara wọn, ló fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Leonarda pé bàbá rẹ̀ ń húkọ́ tó ń dẹ́rù ba ẹṣin. Leonarda kò fi falẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ wá, ó mú bàbá rẹ̀ lápá, ó di Cusco.

Ní ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, wọ́n ní kó lọ ṣe síkáànì. Ẹ̀rọ náà rí bí òrùka ràgàjì kan, bẹ́ẹ̀dì sì gba àárín rẹ̀ wọlé. Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀ pé kó mí sínú kó sì dá èémí dúró. Nazario dá èémí dúró tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ fi ní láti wọlé wá bẹ̀ ẹ́ pé ó ti parí, kó jọ̀ọ́ kó mí. Ẹni tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ mí níbi tí atẹ́gùn ti ṣọ̀wọ́n, kí ni ti dídá èémí dúró sí i?

Dókítà tó gbà wọ́n, Zoraida Llerena lorúkọ rẹ̀. Ọmọ etí òkun ni, àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn yẹn gan-an ṣì máa ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹn sì mú kí Nazario fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gbà á nímọ̀ràn pé kó máa jẹ ewé kóka díẹ̀díẹ̀, èyí tí àwọn ará òkè fi ń rí èémí mí. Dókítà náà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ó ní ẹ̀rọ náà kò fi ọ̀bẹ kan án, ṣùgbọ́n ó ti ya inú rẹ̀ ní ìbú ní ìbú, láti ọrùn títí dé ikùn. Leonarda bá a túmọ̀ rẹ̀: ó ní bí búrẹ́dì tí a gé pẹlẹbẹ ni, tí a wá ń wo ojú ẹ̀là kọ̀ọ̀kan kí a lè mọ̀ bóyá ó jinná dé inú. Ibi tó bá dúdú, atẹ́gùn ni. Ibi tó bá funfun báláú, egungun ni. Ẹran àti omi wà láàárín méjèèjì.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwòrán náà, wọ́n ń sáré kọjá. Nazario na ọwọ́ sókè.

“Ẹ rọra, ọmọ mi. Ẹṣin wo ló ń sáré báyìí lójú ọ̀nà tí kò mọ̀?”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì rọra. Nígbà náà ni ojú Nazario wá ń là sí i. Ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibi tóóró kan báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn ń gba àárín àpáta méjì kọjá. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ là, pápá dúdú méjì sì ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì: ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹ̀ka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn gba inú wọn bí odò kéékèèké tó ń ti ara yìnyín wá. Ó ń fi ojú rìn ín ní àwòrán kan tẹ̀lé àwòrán kan, bó ṣe ń rìn láti ibùdó kan dé òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, adágún kan yọ nínú pápá tó wà lápá òsì àwòrán. Ó kéré, ó fẹ̀ sí i, ó tún fẹ̀ sí i. Ó rí róbótó, etí rẹ̀ sì dán bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ó ní apá ọ̀tún ló ń dun òun, kí ló dé tí adágún wá wà lápá òsì? Dókítà ní ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó ṣe bí ẹni pé òun dúró sí, kí ó máa wo ara rẹ̀ níbi tó sùn sí, tó dojú kọ òrùlé. Ọ̀tún rẹ̀ á wá bọ́ sí òsì ẹni tó ń wò ó. Nazario ronú díẹ̀, ó mi orí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkè ṣe máa ń rí sí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Dókítà kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní àpò omi nìyẹn, ó ti tóbi, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀fóró náà pẹ̀lú. Nazario bi í bóyá èyí tó bá kù á gbé òun gun Palomani. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin náà wò ó, ó ní òun kò dé ibẹ̀ rí, òun kò sì ní purọ́ fún un. Ó lè padà sílé, ó lè máa gbé Pacchanta. Ti ibi tó ga tó yẹn, òun kò lè ṣèlérí.

Nazario dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀. Ó ní ó ṣeun, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n òun kò ṣe. Ta ni yóò máa bá Basilia gbé òkúta rẹ̀ gòkè? Bí òun kò bá lọ, gbèsè obìnrin náà á máa ga sí i lọ́dọọdún, òun á sì jókòó sílé máa mí bí ọ̀bọ. Leonarda di apá rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

“Bàbá, òkè yẹn ti gba ìyá mi. Ṣé ẹ tún fẹ́ kó gbà yín ni?”

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí ó tún jókòó. Ó ní kí dókítà tún mú adágún yẹn wá kí òun rí i. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun mọ nǹkan yìí o. Inú fùkù àgùntàn ni òun ti máa ń rí i, bí wọ́n bá pa ẹran. Àpò funfun, omi ń mì nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jẹ irú fùkù bẹ́ẹ̀, ajá ni wọ́n máa ń jù ú fún. Dókítà ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Inú ajá tó bá jẹ ẹ́ ni aràn kan ti ń dàgbà. Ẹyin aràn náà á bá ìgbẹ́ ajá jáde, á lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, á wà lára koríko. Àgùntàn á jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ pa ajá lára, tó wá fi ọwọ́ náà jẹun, òun náà á jẹ ẹ́, á sì máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Nazario wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ajá ilé rẹ̀, Puka, kò lè sùn láìgbé orí lé e lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá Puka ṣe ń ṣe sí Basilia.

Ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: “Omi inú rẹ̀, dókítà. Ṣé ó níyọ̀?”

Ọwọ́ dókítà dúró lórí kọ̀ǹpútà. “Ó níyọ̀, Bàbá. Ta ló sọ fún yín?”

“Ìyàwó mi ni.”

Dókítà bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀, Nazario sì sọ gbogbo rẹ̀: ikọ́, omi, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú tó wú, ọ̀fun tó dí. Dókítà ní bí àpò náà bá bẹ́, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn, ara wọn á kọ omi náà lọ́nà líle tí á fi pa wọ́n. Ó ní kò sí ẹ̀rọ yìí ní tòsí nígbà náà, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀. Nazario gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òkè kò mú ẹnikẹ́ni. Basilia kò jẹ gbèsè. Ó sunkún níbẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀ àti lójú dókítà, kò sì fi fìlà bo ojú.

Nígbà tó nu ojú tán, ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí. “Jẹ́ kí wọ́n là mí. Bí mo bá lọ húkọ́ kú sórí òkè, wọ́n á tún ní òkè ló pa mí, ìwọ náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ má pa irọ́ mọ́ Ausangate mọ́.”

Wọ́n là á. Wọ́n yọ àpò náà, wọ́n sì gé lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí dókítà ti wí. Ó pẹ́ nílé Leonarda kó tó lè dìde dáadáa, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná, ó ń ráhùn pé Cusco ti gbóná jù, bẹ́ẹ̀ aṣọ òtútù mẹ́ta ló wà lọ́rùn Leonarda. Nígbà tó padà dé Pacchanta, ó fi fíìmù síkáànì náà kọ́ ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú adágún rẹ̀ wọlé láràárọ̀. Bí wọ́n bá pa àgùntàn, á gba fùkù lọ́wọ́ wọn, á sè é títí kó tó gbé e fún Puka. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín. Cirilo ní òun kò rí ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún ajá rí, ó kù kó ra ṣíbí fún un. Nazario mú un lọ síbi fèrèsé, ó fi ìka tọ́ adágún náà, ó sọ fún un bí Basilia ṣe kú. Cirilo kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, èéfín ìkòkò ajá ń jáde nílé tiẹ̀ náà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Leonarda wá láti Cusco. Kò dúró kí wọ́n bẹ òun. Ó ní òun á bá bàbá òun rìn, ẹṣin kan sì ti tó àwọn. Wọ́n lọ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Basilia, irú ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì jọ sọ láti ọdún tó ti kú. Níbi tí wọ́n ti ń gun Palomani, Nazario rìn kọjá ìdajì, ó sì dúró. Ó mí, atẹ́gùn kò tó. Ó tún gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan, àyà rẹ̀ kọ̀. Kò bá a jà. Ó jókòó sórí àpáta kan, ó na òkúta tó ti gbé bọ̀ sí ọmọ rẹ̀.

Leonarda wo ọwọ́ kejì, kò rí nǹkan níbẹ̀. “Ti màmá mi ńkọ́?”

“Èyí ti tó. Tèmi ni. Ìyá rẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bó o bá dé ibi òkúta rẹ̀ tó lówùú pupa, sọ fún un bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé mo fi ojú ara mi rí omi náà.”

Leonarda gba òkúta náà, ó ń lọ. Nazario ń fi ojú tẹ̀ lé e títí ó fi yà sẹ́yìn àpáta, lẹ́yìn náà ó dijú. Kò nílò ojú. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti máa ń pọ́n, ó mọ ibi tí òkúta ti ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni, ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń gbá ènìyàn lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rìn ín pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹ̀là kan tẹ̀lé ẹ̀là kan. Nígbà tó mọ̀ pé ó yẹ kó ti dé, ó la ojú, ó sì rí i lókè lọ́hùn-ún, ó kéré bí hóró àgbàdo, ó tẹrí ba níwájú òkìtì òkúta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nazario kò kánjú.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà nàró, ó wá sí etí òkè, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, afẹ́fẹ́ sì gbé ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

“Nazario! Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ wá pọ̀n ọ́ ni?”

Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n Nazario mọ ẹni tó pè é. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó dùn ún lójú ọgbẹ́, omijé sì ń bá ẹ̀rín náà rìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì, tí kò sí òkúta kankan nínú wọn mọ́, di àyà mú, ó sì fi gbogbo èémí tó kù fún un dáhùn.

“Máa bọ̀! N kò wúwo mọ́!”